Láti Òṣogbo dé Brava: bí a ṣe ń fi ọkọ̀ onígbòkun rìn láàrin àwọn erékùṣù Cape Verde

Tẹ́ ẹ bá sọ fún èèyàn ní Ọláìyá, Òṣogbo, pé ẹ fẹ́ lọ fi ọkọ̀ onígbòkun rìn láti erékùṣù kan sí òmíì, nǹkan àkọ́kọ́ tó máa bi yín ni pé "físà ńkọ́?", èkejì ni pé "ṣé ẹ ti di òyìnbó ni?" Ẹ má dá a lóhùn jàre. Cape Verde wà nínú ECOWAS bíi tiwa, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ti tó láti fi wọlé fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Erékùṣù 10 ló wà níbẹ̀, èèyàn ń gbé 9 nínú wọn, àwọn kan sì súnmọ́ra débi pé ẹ ó máa rí èkejì lọ́ọ̀ọ́kán kẹ́ ẹ tó kúrò ní àkọ́kọ́.

Nǹkan kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání nínú gbogbo ohun tí mo máa sọ yìí: ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yan ọ̀nà fún yín. Láti àríwá ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti ń fẹ́ ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, ó máa ti yín láti Santiago lọ sí Fogo, ó máa ti yín láti Fogo lọ sí Brava, ọ̀nà tí àwọn èèyàn ibẹ̀ fúnra wọn gbà tẹ̀dó náà nìyẹn, Santiago ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ní 1462, ó wá kan Fogo, ó kan Brava, láti Brava ni ọ̀pọ̀ ti wọkọ̀ lọ Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá tẹ̀lé afẹ́fẹ́, ìtàn náà máa to ara ẹ̀ fún un. Ẹni tó bá ti Brava bẹ̀rẹ̀, ìgbì ló máa máa gbá a lójú títí dé Santiago, ìtàn náà á sì dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́.

KẸ́ Ẹ TÓ KÚRÒ NÍLÉ

Kí pásípọ́ọ̀tù yín ṣì ní oṣù mẹ́fà lórí, ó kéré tán. Ẹ gba káàdì yẹ́lò, ìyẹn ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, torí ẹni tó bá ti Nàìjíríà bọ̀, wọ́n máa bèèrè ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì máa ń tó ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì náà tó ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ má sì lọ ra bébà lásán lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á kiri o, abẹ́rẹ́ ló ń gbani lọ́wọ́ ibà, káàdì ò gbani. Ẹ tẹ ìwé òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ méjì tó ṣáájú jáde, ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ jáde pẹ̀lú, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fóònù tí bátìrì ẹ̀ máa kú lójú àwọn ìmígíréṣọ̀n.

Tíkẹ́ẹ̀tì: ẹ gba Dakar tàbí Casablanca lọ sí Praia, olú ìlú wọn tó wà ní Santiago. Ẹni tó bá fẹ́ ta ti Lisbon fún yín torí pé owó ẹ̀ dín díẹ̀, ẹ bi í pé físà ìkọjá ńkọ́, torí ọmọ Nàìjíríà wà lára àwọn tí Yúróòpù máa ń béèrè físà lọ́wọ́ wọn bó tiẹ̀ jẹ́ inú ẹ́pọ́ọ̀tù lásán ni wọ́n máa ti pààrọ̀ bàálù. Owó wọn ni escudo, wọ́n ti so ó mọ́ yúrò, escudo 110.265 sí yúrò kan, kì í gbé, kì í sọ̀, (ó wù mí fún náírà wa). Yúrò ni kẹ́ ẹ gbé lọ, kẹ́ ẹ sì ti ṣẹ́ owó tó tó kẹ́ ẹ tó dé Brava.

Àsìkò wá ṣe pàtàkì ju gbogbo ẹ̀ lọ. August sí October ni òjò àti ìjì wọn, ní 31 August 2015 ni ìjì ńlá tí wọ́n pè ní Fred ja àwọn erékùṣù yẹn, nítorí náà ẹ jókòó ṣe ọdún Ọ̀ṣun yín nílé ní August, ọkọ̀ ò ní sá lọ. December sí March, afẹ́fẹ́ máa ń le gan-an, ọyẹ́ tó ń dé bá wa níbí náà máa ń kọjá lọ bá wọn lórí òkun, eruku á bo gbogbo ojú ọ̀run, ẹ ò ní rí òkè tó wà níwájú yín, bàálù kékeré náà lè má gbéra. Èmi, November tàbí May sí June ni mo máa mú fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ara yín náà ńkọ́? Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wẹ̀ lódò, kì í ṣe kẹ́ ẹ di ẹja, kẹ́ ẹ ṣáà lè léfòó fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìbẹ̀rù. Kẹ́ ẹ sì dán èébì ojú omi wò kẹ́ ẹ tó sanwó ńlá, ẹ lọ sí Èkó lọ́jọ́ kan, ẹ wọ bóòtù lọ Tarkwa Bay ní ọ̀sán tí omi ò rọ̀, ẹ ó ti mọ irú èèyàn tẹ́ ẹ jẹ́.

Ẹrù: ẹ má gbé àpótí onítáyà lọ, kò síbi tí wọ́n máa tì í sí nínú ọkọ̀, báàgì aṣọ tó ṣeé ká ni. Bàtà tí abẹ́ ẹ̀ ò ní kùn dúdú sí ilẹ̀ ọkọ̀. Fìlà tó ní okùn lábẹ́ àgbọ̀n, torí afẹ́fẹ́ máa gba èyí tí ò ní. Náílọ́nù tí omi ò lè wọ̀ fún fóònù àti pásípọ́ọ̀tù. Súwẹ́tà kan, ẹ máa rí ìdí ẹ̀ tá a bá dé Fogo. Gàrí sì lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń jó tí kò sẹ́ni tó lè dáná.

ỌKỌ̀ ÀTI ẸNI TÓ MÁA WÀ Á

Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa wà á o, ẹ háyà ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀gá ọkọ̀. Mindelo, ní erékùṣù São Vicente, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n ń háyà wà, èbúté ibẹ̀ dára, ojú ihò òkè ayọnáyèéfín tó ti kú tipẹ́ ló jẹ́. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè wọ bàálù lọ Mindelo kẹ́ ẹ wá tibẹ̀ wọkọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó máa tó máìlì òkun 45 sí Tarrafal ti São Nicolau, ó tún máa ju 80 lọ láti ibẹ̀ sí Tarrafal ti Santiago (orúkọ kan náà, erékùṣù méjì, ẹ ṣọ́ra tẹ́ ẹ bá ń kọ àdéhùn), ìyẹn máa gba odidi òru lórí omi. Tàbí kẹ́ ẹ ní kí ọ̀gá ọkọ̀ gbé e wá bá yín ní Santiago, ẹ̀yin lẹ máa san owó ìwábọ̀ ẹ̀. Ó wọ́n, àmọ́ fún ẹni tí kò tíì sùn lórí òkun rí, ti kejì yìí ni mo fara mọ́, torí òru àkọ́kọ́ tó bá ti burú, ìrìn-àjò ti bà jẹ́ nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, ẹ pe ọ̀gá ọkọ̀ lórí fídíò WhatsApp, kó wà nínú ọkọ̀ náà gan-an, kó máa fi hàn yín: láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kó kà á lójú yín, kó pé iye yín, ọkọ̀ ìdáǹdè tó máa ń wú fúnra ẹ̀, rédíò VHF, kó tan án kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀, okùn àyà tí wọ́n fi ń so ara mọ́ ọkọ̀ lóru, ẹ́ńjìnnì, kó ṣíná sí i. Ẹni tó bá ní "máa fi fọ́tò ránṣẹ́ tó bá yá", ẹ máa bá tiyín lọ. Kó wà lákọsílẹ̀ pé ta ló ń san epo, ta ló ń san owó èbúté, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí owó yín tí wọ́n bá ti èbúté pa torí ìgbì. Ìdajì owó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san. Ní erékùṣù kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ fi ara ẹ̀ hàn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá ojú omi pẹ̀lú ìwé ọkọ̀ àti pásípọ́ọ̀tù yín, ẹ má jẹ́ kó fo ìyẹn.

Owó ò tó? Fẹ́rì ń ná àwọn erékùṣù yẹn, ẹ ó rí ìtàn kan náà, ìgbòkun nìkan lẹ ò ní rí.

SANTIAGO: Ẹ FI ẸSẸ̀ RÌN ÍN KẸ́ Ẹ TÓ WỌ OMI

Láti Praia, ó máa tó kìlómítà 15 lọ sí Cidade Velha. Hiace ni wọ́n ń wọ̀, kì í gbéra àfi tó bá kún, á sì tún yí ìlú po wá èrò, ẹ máa rò pé Old Garage Òṣogbo lẹ wà. Orúkọ ìlú yẹn tẹ́lẹ̀ ni Ribeira Grande, òun ni ìlú àkọ́kọ́ tí àwọn ará Yúróòpù tẹ̀dó sí nílẹ̀ olóoru. Kò séèyàn kankan lórí àwọn erékùṣù náà kí àwọn Pọtogí tó dé, àwọn ni wọ́n kó èèyàn wá láti etí òkun Senegal àti Guinea, wọ́n fi àwọn kan ṣe ẹrú síbẹ̀, wọ́n sì ta àwọn yòókù síwájú.

Ẹ kọ́kọ́ gun òkè lọ sí fọ́ọ̀tì São Filipe láàárọ̀, kì í ṣe lọ́sàn-án, torí kò sí ibòji lójú ọ̀nà yẹn. Láti orí ògiri ẹ̀ lẹ ti máa rí i bí gbogbo ìlú ṣe há sínú àfonífojì tóóró kan tí ẹnu ẹ̀ ṣí sí òkun, ẹ ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ ìdí tí ó fi rọrùn fún Francis Drake ará Gẹ̀ẹ́sì láti jà wọ́n lólè ní 1585, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tó kọ́ fọ́ọ̀tì. Síbẹ̀ náà Jacques Cassard ará Faransé tún wá kó wọn ní 1712, nígbà tó di 1770 wọ́n gbé olú ìlú lọ sí Praia. Ẹ wá sọ̀kalẹ̀ sínú ìlú, ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì Rosário tí wọ́n kọ́ ní 1495, àwọn òkúta sàréè wà nílẹ̀ inú ẹ̀, ẹ wo òpó mábù tó wà ní gbàgede, ibi tí wọ́n ti ń na ẹrú ní gbangba. UNESCO kọ ìlú náà sílẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2009, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n kọ igbó Ọ̀ṣun wa.

Àmọ́ fún àwa ará ìlú aró, aṣọ ni kẹ́ ẹ bèèrè. Wọ́n gbin òwú àti ẹ̀lú sí Santiago àti Fogo, àwọn ahunṣọ tí wọ́n kó lẹ́rú wá láti ilẹ̀ Guinea ló ń hun ún ní pẹlẹbẹ tóóró tóóró, wọ́n á rán mẹ́fà pọ̀ kó tó di odidi, àwọ̀ aró àti funfun. Panu di téra ni wọ́n ń pè é. Aṣọ yẹn di owó, òun ni wọ́n ń gbé lọ sí etí òkun láti fi ra èèyàn míì, ó níyì débi pé ìjọba Pọtogí fòfin dè é pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tà á fún àjèjì. Ẹ rò ó wò ná: ẹrú ló hun owó tí wọ́n fi ra ẹrú. Àwa tí wọ́n sọ fún láti kékeré pé igi tí àwọn ọdẹ Olútìmẹ́hìn gé wó lu ìkòkò aró Ọ̀ṣun nínú odò, kò yẹ ká débẹ̀ ká má yà wo aṣọ yẹn. Ó wà ní Museu Etnográfico ní Plateau, Praia. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á lọ́jà, ẹ yí i padà, ojúlówó máa jọra níwájú àti lẹ́yìn, ẹ sì máa fọwọ́ kan ojú ìrán láàrin pẹlẹbẹ kan sí èkejì. Èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ti funfun, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti China wá pè ní àdìrẹ fún wa.

Ẹ má wulẹ̀ máa wá Yorùbá kiri níbẹ̀ o. Wolof, Mandinka, Balanta, Papel àtàwọn aládùúgbò wọn ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n kó lọ síbẹ̀. Àwọn èèyàn wa kan, tí wọ́n bá ti gbọ́ ìlù, kíá ni wọ́n á ní "èyí Ṣàngó ni", àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀tàn á kàn dákẹ́ máa wò yín. Ẹ kí i dáadáa: "Tudu dretu?" ni wọ́n fi ń kíra, òun náà lẹ fi máa dáhùn. Tó bá dàgbà, ẹ fi "Nho" ṣáájú orúkọ ọkùnrin, "Nha" ṣáájú orúkọ obìnrin, wọn kì í dédé pe àgbà lórúkọ ní Santiago náà. Ẹ bi í nípa òkè tí àwọn ẹrú tó sá ń sá sí, ẹ bi í nípa batuku tí àwọn obìnrin ń lù lórí aṣọ tí wọ́n ká sáàrin itan, tí àwọn Pọtogí àti ṣọ́ọ̀ṣì ò fẹ́ gbọ́ sétí nígbà kan.

Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gba Assomada kọjá lọ sí Tarrafal, níbi tí ọkọ̀ máa ti pàdé yín. Ẹ wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sétí òkun. Ìjọba Salazar, ẹni tó ń pàṣẹ ní Portugal nígbà yẹn, ló ṣí i ní 1936 fún àwọn Pọtogí tó ń ta kò ó, wọ́n tì í ní 1954, wọ́n tún ṣí i ní 1961 fún àwọn tó ń jà fún òmìnira Angola, Guinea àti Cape Verde, May 1, 1974 ni ìlẹ̀kùn ẹ̀ tó ṣí tán. Wọ́n ní yàrá kọnkéré kan nígbà yẹn tí oòrùn máa ń yan ẹlẹ́wọ̀n nínú ẹ̀.

LÓRÍ OMI

Tarrafal sí Fogo, bíi máìlì òkun 50. Ọkọ̀ máa ń sá máìlì 5 sí 6 ní wákàtí, nítorí náà ẹ gbéra ní ìdájí kí ilẹ̀ má ṣú bá yín kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ lo oògùn èébì lálẹ́ àná, kì í ṣe nígbà tó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́ nígbà yẹn. Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ẹ ó kọ́kọ́ máa yán láìsí oorun lójú, itọ́ á máa kún ẹnu, òógùn tútù á yọ níwájú orí, ọ̀rọ̀ á sú yín í sọ. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ má wọ inú yàrá lọ, ẹ má wo fóònù, ẹ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí yín, ẹ tẹjú mọ́ ibi tí omi àti ọ̀run ti pàdé, ẹ jẹ atalẹ̀ tàbí búrẹ́dì gbígbẹ díẹ̀. Tó bá di dandan kẹ́ ẹ bì, apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ni kẹ́ ẹ kọjú sí, kó má padà bá yín lójú.

Igi gbọọrọ tó di ìsàlẹ̀ ìgbòkun mú, òun ló ń fọ́ orí àlejò. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà lẹ́yìn yín, ó lè fò láti apá kan sí èkejì lójijì, nítorí náà ẹ má dìde dúró sí ojú ọ̀nà ẹ̀ láì jẹ́ pé ọ̀gá ọkọ̀ ní kẹ́ ẹ dìde. Ẹ má wé okùn mọ́ ọwọ́. Tílẹ̀ bá ti ṣú, okùn àyà lára gbogbo èèyàn, àti àwọn ọkùnrin tó fẹ́ tọ̀ sínú òkun, àwọn gan-an ni mò ń bá wí. Omi mímu àti ti sísè, ẹ ka lítà 4 fún ẹnì kan lójúmọ́, kẹ́ ẹ sì gbé ti ọjọ́ méjì sí i. Ìwẹ̀ ńkọ́? Omi òkun lẹ fi máa wẹ̀, ife omi tútù kan lẹ fi máa ṣan ara, ẹni tó bá mọ́ lára láti da odidi bọ́kẹ́ẹ̀tì sórí á kọ́ ìwà tuntun.

Tẹ́ ẹ bá ti súnmọ́ Fogo, afẹ́fẹ́ lè kú pátápátá, torí òkè yẹn ga tó mítà 2,829, ó dí afẹ́fẹ́ lójú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ òmíì á tún já lulẹ̀ láti òkè bí ẹni jù ú. Ọ̀gá ọkọ̀ tó mọṣẹ́ á ti dín ìgbòkun kù ṣáájú, á sì ṣíná sí ẹ́ńjìnnì.

FOGO

Vale de Cavaleiros ni èbúté. Ẹ wo àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ní ìlú São Filipe, olówó ló ń gbé òkè, ìsàlẹ̀ ni ẹrú àti ẹrù. Ẹ wá gba ọkọ̀ gun òkè lọ sí Chã das Caldeiras, abúlé inú ihò òkè iná fúnra ẹ̀, súwẹ́tà tí mo ní kẹ́ ẹ mú lẹ máa wọ̀ níbẹ̀ lálẹ́. Ní 23 November 2014 òkè náà bú, ó ń pọ iná títí di February 2015, ó bo Portela àti Bangaeira, àwọn àdúgbò inú ihò náà, mọ́lẹ̀, kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi padà wá kọ́ ilé sórí òkúta tó ṣì ń gbóná lábẹ́. Ẹ sùn sọ́dọ̀ wọn, ẹ jẹ cachupa wọn, àgbàdo àti ẹ̀wà ni, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ nípa àjàrà tí wọ́n ń gbìn sínú eérú. Ẹni tó bá fẹ́ gun ṣóńṣó, kó gba amọ̀nà ará ibẹ̀, kó sì bẹ̀rẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́.

BRAVA

Máìlì 11 péré ni láti Fogo sí Furna, èbúté Brava, àmọ́ afẹ́fẹ́ máa ń fún ara ẹ̀ mọ́ àárín erékùṣù méjèèjì, ó lè jẹ́ wákàtí tó le jù nínú gbogbo ìrìn-àjò yín. Kìlómítà 67 níbùú lóòró ni gbogbo Brava, bàálù kì í balẹ̀ níbẹ̀ torí afẹ́fẹ́, omi nìkan ni ọ̀nà. Nígbà tí Fogo bú ní 1680, ọ̀pọ̀ ará Fogo sá lọ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ àwọn ọdẹ ẹja àbùùbùtán láti New Bedford, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í yà mú àwọn ọ̀dọ́kùnrin Brava ṣiṣẹ́, bí wọ́n ṣe di ará Amẹ́ríkà nìyẹn, títí dòní ẹ ò ní wọ ilé kan kẹ́ ẹ má rí fọ́tò ẹnì kan tó wà ní Massachusetts. Ernestina, ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n kàn ní 1894, wà lára àwọn tó ń kó wọn sọdá, Cape Verde fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1982.

Ẹ má ṣe Brava ní ìbẹ̀wò wákàtí méjì, ibi tí èmi máa lo àkókò sí jù nìyí. Ẹ gòkè lọ Nova Sintra, ilé Eugénio Tavares wà níbẹ̀, 1867 sí 1930 ló lò láyé, akéwì morna ni, orin ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ṣẹ́kù sílé, UNESCO kọ morna sílẹ̀ ní 2019. Kẹ́ ẹ wá sọ̀kalẹ̀ lọ Fajã d'Água. Ìrántí ọkọ̀ Matilde wà létí òkun ibẹ̀. Ní 1943, ìyàn mú gan-an, àwọn èèyàn wọ Matilde pé àwọn ń lọ Amẹ́ríkà, wọn ò dé. Tẹ́ ẹ bá bi àgbàlagbà kan nípa ẹ̀, ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó bèèrè, kẹ́ ẹ sì pa fóònù mọ́ àfi tó bá ní kẹ́ ẹ gbà á sílẹ̀.

PÍPADÀ

Ibí ni kẹ́ ẹ ti bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ onígbòkun. Kí ọ̀gá ọkọ̀ máa gbé e padà lọ Mindelo, ó ju máìlì 120 lọ lójú afẹ́fẹ́, kò sí adùn kankan nínú ẹ̀ fún àlejò. Ẹ wọ fẹ́rì padà sí Fogo, ẹ wọ bàálù láti São Filipe lọ Praia. Kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ mẹ́ta sílẹ̀ láàrin ọjọ́ tẹ́ ẹ máa kúrò ní Brava àti ọjọ́ bàálù Nàìjíríà yín, torí tí ìgbì bá ga, wọ́n máa ti Furna pa, ẹ ó kàn jókòó máa jẹ ẹja títí omi á fi rọ̀.